Ọ̀nà tí Ọkọ̀ Ti Gbàgbé

Ní àárọ̀ Sátidé, bí mo bá ti ń gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde, aládùúgbò mi kan tí kò tíì pẹ́ tó ti Ìbàdàn dé sí Kent níbí máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ wò mí. Lọ́jọ́ kan ó bi mí ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé orí títì yìí náà lẹ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ? Eré tí àwọn ọkọ̀ ń sá níbẹ̀, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí àyà mi fi ń já.” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní rárá o, n kì í gba ibẹ̀. Ó ní, “Ibo wá lẹ ń gbà?” Ìdáhùn tí mo fún un lọ́jọ́ náà kò kún tó, torí òtútù ń mú àwa méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣe é níhìn-ín, kí ẹ̀yin náà lè bá wa gbọ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ojú yín ti rí. Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, títì tí ẹ máa rí ni èyí tí ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń lé ara wọn. Ẹ ó rò pé gbogbo ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn àwọn títì ńlá yẹn, àwọn ọ̀nà kéékèèké wà níbẹ̀ tí wọ́n ta kókó mọ́ ara wọn bí àwọ̀n apẹja. Ọ̀dà wà lórí wọn dáadáa, síbẹ̀ ẹ lè gun kẹ̀kẹ́ fún ìdajì wákàtí kí ẹ má pàdé ju ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ katakata àgbẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Lẹ́tà ni àwọn ará ibí fi ń sọ ipò ọ̀nà, bí ìgbà tí oyè bá ń sọ ipò ìjòyè. M ni márosẹ̀. Òfin kò gba kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ rárá. A ló tẹ̀lé e, òun ló so àwọn ìlú ńlá pọ̀. Òfin kò lé kẹ̀kẹ́ kúrò lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbádùn. B kéré sí A. Lẹ́yìn B ni ògìdìgbó ọ̀nà tí wọn kò kọ nọ́ńbà kankan sára pátákó wọn, àfi orúkọ abúlé tó kàn. Àwọn yìí gan-an ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nọ́ńbà náà ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1922 ni wọ́n ti ń to àwọn nọ́ńbà yìí, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì fi ṣe ìdí wọn. A1 lọ sí Edinburgh, A2 lọ sí Dover, A3 lọ sí Portsmouth. Ọ̀nà tó bá bọ́ sí àlàfo àárín A2 àti A3, 2 ni nọ́ńbà rẹ̀ máa fi bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí A259 àti B2080 lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń gùn sí i ni ọkọ̀ ń dín kù, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá. A259 ní nọ́ńbà mẹ́ta, ariwo rẹ̀ kò sì kéré.

Ta ló wá la gbogbo ọ̀nà tí kò ní nọ́ńbà yìí, kí ló sì dé tí wọ́n fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀, oko kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ọkà, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí ìletò kejì, sí ọjà. Ẹsẹ̀ ènìyàn, pátákò ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù ló là wọ́n, kì í ṣe katapílà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọ́ bí ejò: wọ́n ń yí etí oko olóko ká ni, torí ta ni yóò gbà kí wọ́n la oko òun sí méjì? Ní àwọn ibì kan ní Dorset àti Sussex, níbi tí òkúta abẹ́ ilẹ̀ ti rọ̀, ìrìn ẹsẹ̀ àti àgbàrá òjò ti jẹ ojú ọ̀nà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún títí ó fi rì wọlẹ̀. Bí ẹ bá wọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, oko wà lókè orí yín, gbòǹgbò igi yọ síta lára ilẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì, ẹ̀ka igi sì pàdé lókè bí òrùlé. Bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lóde, inú ibẹ̀ tutù, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibi tó kù lọ.

Ti Devon yàtọ̀. Kì í ṣe rírì nìkan ni ọ̀nà ibẹ̀ rì. Àwọn àgbẹ̀ tún mọ ògiri iyẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí wọ́n gbin igi sórí rẹ̀, tó fi ga ju orí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lọ. Ọ̀nà náà há débi pé ọkọ̀ méjì kò lè kọjá lára ara wọn. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn rìn lọ síbi tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ fún ìyẹn. Etí lẹ ó fi mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi ojú rí i.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, wọ́n da ọ̀dà sórí àwọn ọ̀nà yìí, torí àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé wàrà àti ọkà rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ títì mìíràn lójú fún ẹni tó ń kánjú, tí wọ́n sì la márosẹ̀. Ẹ mọ bí ọ̀nà àtijọ́ ṣe máa ń dá bí wọ́n bá la tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bó ṣe rí nìyẹn. Títì ńlá kó ariwo lọ, ó fi ọ̀nà kékeré sílẹ̀ tòun ti ọ̀dà ara rẹ̀. Ibi tí àlàyé mi ń lọ gan-an nìyí: ọ̀nà tí ọkọ̀ kò nílò mọ́ ni kí ẹ máa wá.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn ní ilẹ̀ yìí pé ọ̀nà kò dára, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wà nínú wọn. Ọdún 1878 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò orí kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní Harrogate, èyí tí wọ́n ń pè ní Cycling UK lónìí. Ní 1886, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ tó ń béèrè pé kí ìjọba tún ojú ọ̀nà ṣe. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni John Kemp Starley ní ìlú Coventry gbé kẹ̀kẹ́ Rover tirẹ̀ jáde, tí táyà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí tẹ̀yìn. Irú èyí náà ni àwọn ará Nottingham wá ń ṣe lábẹ́ orúkọ Raleigh, tó dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa nílé, tí bàbá àgbà fi ń lọ sóko. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà tó dára, ọkọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sórí máàpù. Ẹ lè ní, “Ṣebí fóònù wà?” Ó wà, ṣùgbọ́n fóònù fẹ́ràn ọ̀nà tó yá, ohun tí àwa ń wá sì yàtọ̀ sí ìyẹn. Iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù ilẹ̀ yìí ni Ordnance Survey. Ọdún 1791 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀rù ilẹ̀ Faransé ń bà wọ́n tí wọ́n sì fẹ́ mọ gbogbo kọ̀rọ̀ etí òkun wọn. Kent yìí gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ máàpù rẹ̀ jáde, ní 1801. Ẹ ra èyí tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ òdòdó fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní Landranger. Sẹ̀ǹtímítà 2 lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan lórí ilẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Márosẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù. Títì A jẹ́ pupa tàbí àwọ̀ ewé, B jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ìlà yẹ́lò tó tín-ín-rín ni kí ẹ máa fi ìka tọ̀; ọ̀nà tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mítà 4 ni. Èyí tí kò ní àwọ̀ rárá lè jẹ́ ọ̀nà inú oko ẹnìkan tàbí ojú ilẹ̀ lásán, ẹ má ṣe kó sí i láìmọ̀. Bí ẹ bá rí ọfà kékeré lórí ìlà yẹ́lò, ẹ̀rí pé òkè ń bẹ níbẹ̀ nìyẹn, ibi tó ń dà sí nísàlẹ̀ ni ọfà náà sì kọjú sí. Ọfà kan túmọ̀ sí pé nínú mítà 7 sí 5 tí ẹ bá rìn, ẹ ti gòkè mítà kan. Ọfà méjì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Cumbria, òkè kan wà tó ń jẹ́ Hardknott tó jẹ́ bíi mítà kan nínú mẹ́ta níbi tó le jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ojú kì í tì wọ́n.

Gbogbo yẹ́lò kọ́ ló dákẹ́ o. Ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí títì pupa bá ń bá ìlà yẹ́lò lọ síbì kan náà, inú yín á dùn, torí orí pupa ni àwọn tó ń kánjú máa wà. Bí ìlà yẹ́lò bá ti ìletò ilé mẹ́ta lọ sí ìletò ilé márùn-ún, ta ni yóò gbà á bí kò ṣe àwọn ará ibẹ̀? Àmọ́ bí ẹ bá rí odò tàbí ojú irin tí afárá kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀, ẹ ṣọ́ra: gbogbo ọkọ̀ àdúgbò náà ló máa pàdé síbẹ̀. Yẹ́lò tó sì so títì pupa méjì pọ̀ tààrà jẹ́ àbùjá ọ̀nà. Láyé ìgbà tí fóònù ń darí awakọ̀, kò sí àbùjá tó tún jẹ́ àṣírí, pàápàá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹ tún lè béèrè nípa pátákó búlúù kékeré tó ní àwòrán kẹ̀kẹ́ àti nọ́ńbà nínú àpótí pupa. Ti àjọ aláàánú kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ní 1977 ni, Sustrans ni wọ́n ń pè é nígbà tí iṣẹ́ yìí gbilẹ̀. Ojú irin àtijọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láàárín Bristol àti Bath, bíi máìlì 13. Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú irin? Ọkọ̀ ojú irin kò lè gun òkè tó le, nítorí náà àwọn tó là á ti gé òkè, wọ́n sì ti dí àfonífojì. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ló wá jogún ilẹ̀ títẹ́jú náà. Ojú irin tí wọ́n pa tì sì pọ̀ nílẹ̀ yìí, pàápàá lẹ́yìn ìwé àbá tí Beeching, olórí iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, kọ ní 1963. Owó tẹ́tẹ́ ìjọba, £42.5 mílíọ̀nù, ló dé ní 1995 tí wọ́n fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Nọ́ńbà 2 ló ti Dover gba etí òkun gúúsù lọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín: pátákó búlúù kì í ṣe ìlérí. Ní 2020, àwọn tó ni ín fúnra wọn yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ kúrò, torí wọ́n rí i pé ọkọ̀ ti pọ̀ jù lórí àwọn apá yẹn. Nítorí náà, kí ẹ máa bi máàpù léèrè, kí ẹ sì tún máa bi ojú yín.

Òfin ńkọ́? Apá òsì ni wọ́n ń gbà níbí, ìyẹn yàtọ̀ sí tiwa nílé, ẹ má gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán. Ìwé òfin ìrìnnà tí wọ́n tún ṣe ní 2022 ní kí ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá lára yín fi àlàfo mítà kan ààbọ̀, ó kéré tán, sílẹ̀ bí eré rẹ̀ kò bá ju máìlì 30 ní wákàtí lọ, kó sì fi jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí eré náà bá pọ̀. Ẹ lè gùn ún ní méjì-méjì, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, òfin gbà á. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ọ̀nà tóóró tí koríko hù láàárín rẹ̀ pàápàá sábà máa ń gba eré máìlì 60 ní wákàtí lábẹ́ òfin. Ìwọ́kọ́ ọ̀nà ló ń dá awakọ̀ lẹ́kun, kì í ṣe pátákó. Nítorí náà, níbi tí ojú kò bá ti ríran, ẹ kúrò ní etí pátápátá, kí ẹ bọ́ sí àárín ojú ọ̀nà tiyín kí wọ́n lè tètè rí yín.

Ẹ ó tún pàdé ẹṣin. Ẹ má ṣe lu aago lójijì lẹ́yìn ẹṣin. Ó lè fò. Ẹ fi ohùn kí ẹni tó gùn ún láti ọ̀ọ́kán, ẹ rọra, kí ẹ sì gba ibi tó jìnnà sí i díẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́ṣin, òfin 1968 gbà kí kẹ̀kẹ́ wọ ibẹ̀ bí ẹ bá ń yà fún ẹlẹ́ṣin àti ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gùn ún kọjá níbẹ̀.

Ó ku ẹ̀gún. Ọgbà igi tó yí oko ká níbí, igi ẹlẹ́gùn-ún ló pọ̀ níbẹ̀. Nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yé, àwọn àgbẹ̀ kì í gé e láti oṣù Kẹta títí di ìparí oṣù Kẹjọ. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ẹ̀gún á sì fọ́n ká ojú ọ̀nà. Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, táyà mi jò lẹ́ẹ̀mejì láàárín máìlì mẹ́rin, òjò sì ń rọ̀. Kò sí fọkanáísà lábẹ́ igi kankan nílẹ̀ yìí o. Tíúbù méjì, pọ́ǹpù kékeré, irin tí a fi ń ṣí táyà: ẹ kó wọn dání, kí ẹ sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ọ̀nà kan hàn yín ní kíkún. Romney Marsh ni, ní ìsàlẹ̀ Kent, ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òkun. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ga tó omi òkun nígbà tí omi bá kún. Ògiri tó wà ní Dymchurch ló ń dá a dúró. Kò sí òkè níbẹ̀ rárá, àmọ́ afẹ́fẹ́ ni òkè ibẹ̀, torí kò sí igi tó máa dí i. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yìí sábà máa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá. Bí ẹ bá ń lọ tí ẹ ó padà síbi kan náà, ẹ kọjú sí i nígbà tí agbára ṣì wà lára, kó lè tì yín wálé. Bí ẹ bá ń lọ láìpadà, ẹ jẹ́ kó ti yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ashford lọ sí Rye, tí mo sì ń gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀.

Láti Rye, pátákó nọ́ńbà 2 á mú yín gba Camber lọ sí Lydd. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ìbọn, ẹ má sá. Ibi ìdánrawò àwọn ọmọ ogun ni. Ní Lydd, ẹ yà sí àríwá lórí ìlà yẹ́lò, síhà Brookland. Ọ̀nà náà á máa ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín pápá títẹ́jú, ẹ ó sì máa rò pé ọtí ló mu ẹni tó là á. Kì í ṣe ọtí. Ògiri àtijọ́ tó dí òkun àti kòtò omi ni ọ̀nà náà ń tẹ̀ lé. Ní Brookland ẹ ó gé A259 kọjá. Ẹ dúró, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, kí ẹ tún wo ọ̀tún. Ariwo ìṣẹ́jú kan nìyẹn nínú gbogbo ìrìn náà. Ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà kò sí lórí òrùlé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, igi ni wọ́n fi kọ́ ọ, bí agboòrùn mẹ́ta tí wọ́n tò léra. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ó fò sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ó rí ìyàwó tí ó jẹ́ wúńdíá. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ń sọ ni pé ilẹ̀ àbàtà rọ̀ jù fún ẹrù rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Fairfield. Ilé kan ṣoṣo lẹ ó rí láàárín pápá, ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, omi yí i ká, àgùntàn ń jẹ koríko dé ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin Appledore kò jìnnà mọ́. Gbogbo rẹ̀ láti Rye jẹ́ bíi máìlì 20, ẹni tó bá ń rọra gùn ún á ṣe é láàárín wákàtí mẹ́ta, oúnjẹ wà nínú rẹ̀.

Aládùúgbò mi ti ra kẹ̀kẹ́ àlòkù. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ lòun máa bá mi lọ. Mo ti sọ fún un pé kó fẹ́ táyà rẹ̀ ní alẹ́ Jímọ́ọ̀, kó má ṣe dúró di àárọ̀, torí aago méje ààbọ̀ ni a máa kúrò nílé.